Bí ẹ ṣe lè ṣiṣẹ́ lórí dátábéèsì ọ́fíìsì láti orí kọ̀ǹpútà ilé

Ọ́fíìsì wà ní Táíwò ní Ìlọrin, ilé wà ní Tankẹ, tàbí kó tiẹ̀ jìnnà dé Ọ̀fà tàbí Òmù-Àrán. Ìwé owó ẹgbẹ́ aláfọwọ́sowọ́pọ̀, àkọsílẹ̀ àwọn aláìsàn, owó ilé-ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ, gbogbo rẹ̀ jókòó sórí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo ní ọ́fíìsì, ẹni tó ń bójú tó o sì fẹ́ ṣe díẹ̀ níbẹ̀ lálẹ́ tàbí lọ́jọ́ Sátidé. Ó ṣeé ṣe, kò sì gba owó gọbọi. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni pé wọ́n máa ń gbé dátábéèsì síta kí ẹni tó wà nílé lè rí i. Òdìkejì ló tọ́. Ẹ jẹ́ kí dátábéèsì dúró sínú ọ́fíìsì, kí ẹ̀yin wọlé lọ bá a.

Kọ̀ǹpútà tí dátábéèsì wà lórí rẹ̀ la ó máa pè ní sáfà nínú ìtọ́sọ́nà yìí, ì báà jẹ́ ẹ̀rọ ńlá tàbí láptọ́ọ̀pù tó wà lórí tábìlì akọ̀wé.

Irú èwo ló wà lọ́wọ́ yín?

Irú dátábéèsì ló máa sọ ọ̀nà tí ẹ ó gbà. Tí fáìlì rẹ̀ bá parí sí .accdb tàbí .mdb, Microsoft Access ni. Access kò ní ètò kankan tó ń dá ìbéèrè lóhùn ní ọ̀dọ̀ sáfà: kọ̀ǹpútà tó bá ṣí fáìlì náà ló ń kà á fúnra rẹ̀, òun náà ló ń kọ nǹkan sínú rẹ̀. Bí nẹ́tíwọ̀kì bá já lójijì nígbà tó ń kọ̀wé lọ́wọ́, fáìlì yẹn lè bàjẹ́ pátápátá, ó sì lè má ṣí mọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ẹ má ṣe ṣí Access láti ilé lọ́nà mìíràn yàtọ̀ sí Remote Desktop, ètò Windows tó ń jẹ́ kí ẹ lo kọ̀ǹpútà ọ́fíìsì láti òkèèrè bí ẹni tó jókòó síwájú rẹ̀. Ohun kan náà la ó sọ nípa QuickBooks Desktop àti Sage 50, tí fáìlì wọn sábà máa ń wà nínú fódà tí gbogbo ọ́fíìsì jọ ń lò.

MySQL, MariaDB, PostgreSQL àti SQL Server yàtọ̀ sí ìyẹn. Wọ́n ní ètò tó dúró sórí sáfà, tó ń gba ìbéèrè, tó ń fi èsì ránṣẹ́. Kálukú ní pọ́ọ̀tù tirẹ̀, ìyẹn nọ́ńbà ilẹ̀kùn tó ń gbà sọ̀rọ̀: MySQL àti MariaDB ń tẹ́tí ní pọ́ọ̀tù 3306, PostgreSQL ní 5432, SQL Server ní 1433. Àwọn wọ̀nyí ṣeé bá sọ̀rọ̀ láti òkèèrè.

Ṣùgbọ́n ẹ dúró ná. Bí ó bá jẹ́ pé ètò kan tó ní fọ́ọ̀mù àti bọ́tìnì lẹ fi ń lo dátábéèsì náà, Remote Desktop ṣì ni kí ẹ mú, kódà bó jẹ́ SQL Server ló wà nísàlẹ̀. Ètò tí wọ́n kọ fún inú ọ́fíìsì lè bi dátábéèsì ní ìbéèrè 300 kí ojú ewé kan tó ṣí. Lórí wáyà inú ọ́fíìsì, ẹ kò ní mọ̀ ọ́n lára. Láti Ọ̀fà lórí 4G, bí ìlọ-àbọ̀ ìbéèrè kọ̀ọ̀kan bá gba mílísẹ́kọ́ǹdù 80, ojú ewé yẹn á gba sẹ́kọ́ǹdù 24. Wọ́n á ní nẹ́tíwọ̀kì kò dára, wọ́n á ra dátà sí i, kò sì ní yí padà, nítorí pé kì í ṣe bí dátà ṣe pọ̀ tó ló fa wàhálà náà, ìlọ-bọ̀ ló pọ̀ jù. Remote Desktop jẹ́ kí ìbéèrè 300 náà wáyé nínú ọ́fíìsì. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà nìkan ló ń rin ìrìn àjò.

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Fún MySQL, tí orúkọ dátábéèsì bá jẹ́ iwe_owo:

mysqldump -u root -p --single-transaction --result-file=iwe_owo.sql iwe_owo

Ẹ lo --result-file bẹ́ẹ̀, ẹ má lo àmì >. PowerShell tó bá Windows wá máa ń yí lẹ́tà inú fáìlì padà sí ìlànà ìkọ̀wé mìíràn tí wọ́n ń pè ní UTF-16 tí ẹ bá lo >, ọjọ́ tí ẹ bá sì fẹ́ dá a padà ni ẹ ó tó mọ̀ pé kò ṣeé lò.

Iná àti ẹ̀rọ tó ń sùn

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń jákulẹ̀ ní ìlú wa. Ẹ ti parí ohun gbogbo lọ́sàn-án, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, IBEDC wá mú iná lọ ní aago méje alẹ́, iná padà dé ní aago mẹ́jọ, sáfà kò sì tan. Kò sẹ́nì kan ní ọ́fíìsì tó máa tẹ̀ ẹ́.

Ẹ tún sáfà tan, kí ẹ wọ BIOS rẹ̀, ètò ìpìlẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ kí Windows tó ṣí: F10 ni lórí HP, F2 lórí Dell, F1 lórí ọ̀pọ̀ ThinkCentre ti Lenovo. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ After Power Loss tàbí AC Recovery sí, kí ẹ yí i sí Power On. Láti ìgbà náà, bí iná bá ti dé, ẹ̀rọ á tan fúnra rẹ̀. Ẹ dán an wò: ẹ pa á dáadáa, ẹ yọ wáyà iná rẹ̀, ẹ ka ìṣẹ́jú kan, ẹ tún un fi.

Bí ó bá tan tó wá dúró síbi tó ń ní kí ẹ tẹ F1, bátìrì kékeré inú rẹ̀ ló ti kú. CR2032 ni, ó rí bí owó ẹyọ. Bátìrì yìí ló ń tọ́jú aago àti ètò BIOS nígbà tí kò sí iná. Kọ̀ǹpútà tòkunbọ̀ tó ti pẹ́ sábà máa ń ní ìṣòro yìí, bátìrì kan náà ló sì máa ń fa kí aago padà sí ọdún àtijọ́, tí àwọn ìsopọ̀ tó ní ààbò á fi máa kọ̀ láìsọ ìdí. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ má jẹ́ kí sáfà sùn. Ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, kí ẹ tẹ ìlà méjì yìí:

powercfg /change standby-timeout-ac 0
powercfg /hibernate off

Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù ni sáfà yín, ẹ tún lọ sí Power Options kí ẹ yan Do nothing fún ìgbà tí wọ́n bá pa ìdérí rẹ̀ dé. Láptọ́ọ̀pù ní àǹfààní kan: bátìrì rẹ̀ ni UPS rẹ̀. Kọ̀ǹpútà orí tábìlì nílò UPS gidi, ṣùgbọ́n ẹ má retí kí UPS 650VA gbé e di òwúrọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti fún un ní ìṣẹ́jú díẹ̀ kí ó lè pa dáadáa tàbí kí ínfátà gba iṣẹ́. Ẹ so ráútà náà mọ́ ọn. Àìmọye ọ́fíìsì ló so sáfà mọ́ ínfátà tó gbàgbé ráútà sára iná NEPA. Sáfà ń ṣiṣẹ́, kò sì sọ́nà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ìdí tí ẹ kò fi gbọdọ̀ ṣí pọ́ọ̀tù sí ìgboro

Ẹlòmíràn á ní kí ẹ wọ inú ráútà, kí ẹ ṣí pọ́ọ̀tù 3389 tàbí 3306, ó parí. Ẹ má ṣe é. Àwọn ẹ̀rọ kan wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí wọn kò níṣẹ́ méjì ju kí wọ́n máa kan ilẹ̀kùn kiri, tọ̀sán-tòru. Pọ́ọ̀tù 3389 ti Remote Desktop tí wọ́n ṣí sílẹ̀ gbayawu wà lára ọ̀nà tí àwọn olè tó ń ti fáìlì pa, tí wọ́n á wá máa béèrè owó ìtúsílẹ̀, máa ń gbà wọlé jù. Tí ẹ bá sì ń lo XAMPP, àkójọ ètò ọ̀fẹ́ tó ní MariaDB nínú, ẹ rántí pé root, orúkọ ọ̀gá inú rẹ̀, kò ní páswọ́ọ̀dù bí wọ́n ṣe gbé e fún yín.

Yàtọ̀ síyẹn, lórí ọ̀pọ̀ ráútà tó ń lo káàdì síìmù, ṣíṣí pọ́ọ̀tù kò tiẹ̀ lè ṣiṣẹ́. Ẹ wo àdírẹ́ẹ̀sì WAN lójú ewé ráútà, ìyẹn èyí tí iléeṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì fún ráútà náà. Bó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 10, tàbí tó wà láàárín 100.64 sí 100.127, ẹ̀yin àti ọ̀pọ̀ ènìyàn mìíràn lẹ jọ ń pín àdírẹ́ẹ̀sì ìta kan ṣoṣo, kò sì sí bí ìpè láti ìta ṣe lè mọ̀ pé ọ̀dọ̀ yín lòun ń bọ̀. Kí sáfà fúnra rẹ̀ pe ìta ni ọ̀nà àbáyọ, nítorí ìpè tó ń jáde kò ní ìdíwọ́.

Ohun tí VPN (ọ̀nà àdáni tó ní ààbò lórí íntánẹ́ẹ̀tì) irú Tailscale ń ṣe nìyẹn. Ìlànà ààbò tí wọ́n ń pè ní WireGuard ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ó ní ètò ọ̀fẹ́ tó tó bẹ̀rẹ̀, kò sì béèrè pé kí ẹ fọwọ́ kan ráútà. Báyìí lẹ ó ṣe tò ó:

1. Ẹ fi Tailscale sórí sáfà, kí ẹ fi àkáǹtì ọ́fíìsì wọlé. Kí ó má jẹ́ àkáǹtì ti òṣìṣẹ́ kan, nítorí ọjọ́ tó bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́, kọ́kọ́rọ́ ilé á bá a lọ.

2. Ẹ tẹ àmì Tailscale ní ìsàlẹ̀ ojú Windows, ẹ wọ Preferences, kí ẹ mú Run unattended. Bí ẹ kò bá mú un, Tailscale á dúró de ẹni tó máa wọlé sórí Windows kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Iná á dé lóru, sáfà á tan, ẹ kò sì ní rí i.

3. Ẹ fi í sórí kọ̀ǹpútà ilé náà, pẹ̀lú ìwọlé tó bá ti ọ́fíìsì mu.

4. Ẹ wọ ojú ewé alábòójútó Tailscale, ẹ wá sáfà, kí ẹ yan Disable key expiry fún un. Bí ẹ bá fò ó, lẹ́yìn ọjọ́ 180, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ á kú, ìsopọ̀ á já, ẹnikẹ́ni kò sì ní rántí ohun tó fà á. Fún kọ̀ǹpútà ilé, ẹ jẹ́ kí ó máa kú bẹ́ẹ̀; ààbò ni.

5. Ẹ tan ìjẹ́rìí ìgbésẹ̀ méjì lórí àkáǹtì ímeèlì tí ẹ fi wọlé. Ẹni tó bá jí ímeèlì yẹn ti wọ ọ́fíìsì.

Sáfà á ní àdírẹ́ẹ̀sì tuntun tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 100. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, a ó pè é ní 100.101.20.7. Láti ilé, ẹ ṣí Command Prompt, kí ẹ tẹ:

tailscale ping 100.101.20.7

Tí èsì bá sọ pé via DERP, ìsopọ̀ náà ń gba ibùdó kan tó wà láàárín kọjá, á sì falẹ̀ díẹ̀. Tó bá sọ àdírẹ́ẹ̀sì ní tààrà, ẹ ti ríre.

Àǹfààní kékeré kan tún wà níbẹ̀. Pẹ̀lú VPN àtijọ́, bí ráútà ilé àti ti ọ́fíìsì bá jọ ń lo 192.168.8, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ MiFi Huawei ṣe máa ń rí, kọ̀ǹpútà ilé á máa wá sáfà nínú pálọ̀ yín. Àdírẹ́ẹ̀sì 100 yìí kò ní irú ìdàrúdàpọ̀ bẹ́ẹ̀.

Remote Desktop

Windows Home kò lè gba àlejò Remote Desktop. Windows Pro ló lè gbà á. Ẹ wo èyí tó wà lórí sáfà ní Settings, System, About. Kọ̀ǹpútà ilé lè jẹ́ Home, kò ṣèdíwọ́. Bó bá sì jẹ́ Windows 10 ló wà lórí sáfà, Microsoft ti dá àtìlẹ́yìn rẹ̀ dúró ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025. Ẹ fi ìyẹn sínú ètò ìnáwó.

Lórí sáfà, ẹ wọ Settings, System, Remote Desktop, kí ẹ tan án. Láti ilé, ẹ tẹ mstsc nínú àpótí Run, ẹ fi 100.101.20.7 sí i, kí ẹ fi orúkọ àti páswọ́ọ̀dù Windows ti sáfà wọlé.

Ohun mẹ́ta ló máa ń dí ènìyàn lọ́wọ́ níbí. Èkíní, àkáǹtì tí kò ní páswọ́ọ̀dù kò lè wọlé láti òkèèrè, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ ọ́fíìsì ni kì í fi páswọ́ọ̀dù sí kọ̀ǹpútà wọn. Ẹ fi sí i. Èkejì, PIN tí ẹ fi ń ṣí i ní ọ́fíìsì kọ́ ni páswọ́ọ̀dù. PIN kò ní gbà. Ẹ̀kẹta ló ń dá ìjà sílẹ̀: Windows Pro kì í gba ju ẹnì kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Bí akápò bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lọ́wọ́ tí ẹ sì wọlé láti ilé, ojú kọ̀ǹpútà á tì mọ́ ọn lójú. Bí ó bá tún wọlé padà, yóò lé ẹ̀yin náà jáde. Ẹ pè wọ́n kí ẹ tó wọlé. Bí ẹni méjì tàbí mẹ́ta bá gbọ́dọ̀ jọ ṣiṣẹ́ láti òkèèrè, Windows Server pẹ̀lú ìwé-àṣẹ fún ẹnì kọ̀ọ̀kan ni ẹ nílò. Àwọn ètò ayédèrú tó ń tú ìdè yẹn sábà máa ń kú nígbà tí Windows bá ṣe àtúnṣe ara rẹ̀.

Láti dín dátà kù, kí ẹ tó tẹ Connect, ẹ ṣí Show Options, ẹ lọ sí Display kí ẹ mú àwọ̀ wá sí 16 bit, kí ẹ sì yọ àwòrán ẹ̀yìn ojú kọ̀ǹpútà lábẹ́ Experience. Ní Local Resources, ẹ yọ àmì kúrò lára drives. Kọ̀ǹpútà ilé tí àwọn ọmọ fi ń gba géèmù sílẹ̀ kò gbọdọ̀ ní ọ̀nà àti da fáìlì sórí sáfà ọ́fíìsì.

Bí nẹ́tíwọ̀kì bá já, iṣẹ́ yín kò sọnù. Ó ṣì wà ní ṣíṣí lórí sáfà, ẹ tún so ó pọ̀, ẹ ó sì bá a níbi tí ẹ fi í sí. Tí ẹ bá parí, ẹ tẹ Sign out. Ẹ má kàn pa fèrèsé náà, nítorí fáìlì Access tó wà ní ṣíṣí lè máa dí àwọn mìíràn lọ́wọ́ láàárọ̀.

AnyDesk àti TeamViewer ń ṣe iṣẹ́ tó jọ èyí, wọ́n sì rọrùn. Àmọ́ ìlò ọ̀fẹ́ wọn kì í ṣe fún iṣẹ́ owó, wọ́n sì máa ń gé ènìyàn kúrò bí wọ́n bá fura.

Bí ẹ bá fẹ́ bá MySQL tàbí SQL Server sọ̀rọ̀ ní tààrà

Èyí wà fún ẹni tó ń kọ ìbéèrè SQL fúnra rẹ̀ tàbí tó ń ṣe ìròyìn. Fún MySQL àti PostgreSQL, kò pọn dandan kí dátábéèsì máa tẹ́tí sí ìta. Ó tó kó máa tẹ́tí lórí 127.0.0.1, ìyẹn àdírẹ́ẹ̀sì tí kọ̀ǹpútà fi ń pe ara rẹ̀, kí ẹ gbẹ́ ihò SSH (ọ̀nà ìsopọ̀ tó ní ààbò) lọ bá a. Lórí sáfà Windows, ẹ fi OpenSSH Server kún un láti Optional Features, lẹ́yìn náà, ní PowerShell alábòójútó:

Start-Service sshd
Set-Service -Name sshd -StartupType Automatic

Láti ilé:

ssh -N -o ServerAliveInterval=60 -L 3307:127.0.0.1:3306 oruko@100.101.20.7

Kò ní sọ nǹkan kan lẹ́yìn páswọ́ọ̀dù. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló dára. Ẹ má pa fèrèsé rẹ̀. Nínú HeidiSQL tàbí DBeaver, ẹ kọ 127.0.0.1 àti pọ́ọ̀tù 3307. A lo 3307 nílé nítorí ó ṣeé ṣe kí XAMPP ti gba 3306 lórí kọ̀ǹpútà yín, ẹ ó sì máa wo dátábéèsì òfìfo ti ara yín, tí ẹ ó máa rò pé ti ọ́fíìsì ti parẹ́.

Ẹ má fi root ṣiṣẹ́ láti ilé. Ẹ dá orúkọ mìíràn tí agbára rẹ̀ kò ju iṣẹ́ lọ:

CREATE USER 'ile'@'127.0.0.1' IDENTIFIED BY 'paswoodu-gigun';
GRANT SELECT, INSERT, UPDATE ON iwe_owo.* TO 'ile'@'127.0.0.1';

Kò sí DELETE níbẹ̀, a mọ̀ọ́mọ̀ yọ ọ́ ni. Ẹni tó bá fẹ́ pa nǹkan rẹ́, kí ó wá sí ọ́fíìsì.

SQL Server Express ní wàhálà tirẹ̀. Bí wọ́n ṣe gbé e wá, kì í dáhùn lórí TCP/IP. Ẹ ṣí SQL Server Configuration Manager, ẹ tan TCP/IP lábẹ́ Protocols for SQLEXPRESS. Nínú rẹ̀, ní IPAll, ẹ pa ohun tó wà ní TCP Dynamic Ports rẹ́, kí ẹ kọ 1433 sí TCP Port. Ẹ tún SQL Server bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì jẹ́ kí Windows Firewall gba 1433 láàyè láti àdírẹ́ẹ̀sì 100.64.0.0/10 nìkan. Nígbà tí ẹ bá ń so ó pọ̀ láti ilé, kọ́mà la fi ń ya pọ́ọ̀tù sọ́tọ̀, kì í ṣe kólọ́nì (:), báyìí:

100.101.20.7,1433

Bó bá ráhùn pé òun kò fọkàn tán ìwé-ẹ̀rí sáfà, ẹ mú Trust server certificate. Nínú VPN tiyín, ìyẹn kò léwu tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má kọ SELECT * sórí tábìlì ńlá. Bí ìlà kan bá tó báìtì 200, ìlà 500,000 jẹ́ mẹ́gábáìtì 100, ìbéèrè kan ṣoṣo nìyẹn. Ẹ dárúkọ òpó tí ẹ fẹ́, kí ẹ fi LIMIT 100 sí i, tàbí TOP 100 ní SQL Server.

Nígbà tó bá kọ̀

Láti ilé, ẹ ṣí PowerShell, kí ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ọ̀nà là:

Test-NetConnection 100.101.20.7 -Port 3389

Ẹ fi pọ́ọ̀tù tí ẹ ń lò rọ́pò 3389: 22 ni ti SSH, 1433 ti SQL Server. Tí TcpTestSucceeded bá jẹ́ True, nẹ́tíwọ̀kì kò níṣòro, ẹ wá páswọ́ọ̀dù àti àṣẹ wò. Tó bá jẹ́ False, ẹ kọ́kọ́ fóònù ọ́fíìsì kí wọ́n wo iná.

Nọ́ńbà àṣìṣe máa ń sọ òtítọ́ ju gbólóhùn rẹ̀ lọ. 10060 túmọ̀ sí pé ẹ kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dáhùn: sáfà kú, tàbí Firewall dí i. 10061 túmọ̀ sí pé ẹ dé ilé, àmọ́ ètò dátábéèsì kò sí níbẹ̀: kò tíì bẹ̀rẹ̀, tàbí pọ́ọ̀tù yàtọ̀. 1045 ní MySQL, páswọ́ọ̀dù tàbí orúkọ ló ṣì. 1130, MySQL kò gba ìwọlé láti ibi tí ẹ ti ń bọ̀. 18456 ní SQL Server, ìwọlé ló kọ̀. Bí ó bá dá yín lójú pé páswọ́ọ̀dù tọ̀nà, ẹ wò ó bóyá Windows Authentication nìkan ni wọ́n yàn nígbà tí wọ́n fi í sórí sáfà.

Bí ìsopọ̀ tààrà bá já lẹ́yìn tí ẹ tẹ bọ́tìnì ìfipamọ́, ẹ má tún tẹ̀ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Ó ṣeé ṣe kí owó tí ọmọ ẹgbẹ́ san ti wọlé, kó jẹ́ èsì ni kò dé ọ̀dọ̀ yín. Ẹ tún so ó pọ̀, ẹ wá a pẹ̀lú nọ́ńbà rìsíìtì, kí ẹ tó pinnu. Owó tí wọ́n kọ lẹ́ẹ̀mejì ṣòroó rí ju èyí tí wọn kò kọ lọ.

Bí láptọ́ọ̀pù bá sọnù

Ẹ mú fóònù, ẹ wọ ojú ewé alábòójútó Tailscale, kí ẹ yọ ẹ̀rọ náà kúrò. Ìṣẹ́jú méjì ni. Lẹ́yìn náà, ẹ yí páswọ́ọ̀dù Windows ti sáfà, ti dátábéèsì àti ti ímeèlì padà. Bí ó bá ṣeé ṣe kí orúkọ, nọ́ńbà fóònù tàbí ìtàn àìlera àwọn ènìyàn ti bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, tí ìyẹn sì lè ṣe wọ́n ní jàǹbá, òfin Nigeria Data Protection Act ti ọdún 2023 fún ọ́fíìsì ní wákàtí 72 láti ìgbà tí wọ́n bá mọ̀, kí wọ́n fi tó àjọ tó ń mójú tó o létí. Nítorí náà, ọ̀gá ni kí ẹ kọ́kọ́ pè lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, kì í ṣe ní ọjọ́ Mọ́ńdè.